Káńsẹ́lìn kì í ṣe ìgbaninímọ̀ràn, ìbánirò ni

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ pé "ìgbaninímọ̀ràn" ni káńsẹ́lìn, ìyẹn kéèyàn jókòó ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ kó sì sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn? Kì í ṣe pé mo fẹ́ jà o, mo kàn fẹ́ bi í bóyá ó ti jókòó síwájú káńsẹ́lọ̀ rí láyé ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ará ibì kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé ìwé pélébé kan wá pé kí n bá àwọn wò ó bóyá Yorùbá ẹ̀ jọ Yorùbá. Àkọlé ẹ̀ rèé, gàdàgbà: "Ẹ Wá Gba Ìmọ̀ràn Ọpọlọ Lọ́fẹ̀ẹ́." Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta aṣọ òkè ní Ọ̀jẹ́ wà nílé lọ́jọ́ náà, mo bá kà á sí wọn létí. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní "Ọpọlọ kẹ̀? Ta ló sọ fún ìwọ ọmọ yìí pé mo ti ń sínwín?" Bẹ́ẹ̀ ọkọ wọn kú, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, látìgbà yẹn aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń jí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́, irú wọn gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ tẹ ìwé ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ méjì lórí pépà, ó ti lé ẹni tí wọ́n ń wá sá.

Ẹ jẹ́ ká mú "ọpọlọ" ná. Èmi náà ń sọ "ìlera ọpọlọ" tẹ́lẹ̀ torí gbogbo rédíò ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n létí ará ọjà, ọpọlọ tó bá ti ní wàhálà, wèrè ló kàn. Ìjọba pàápàá ò yára, January 2023 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò òfin wèrè tí a bá lọ́wọ́ àwọn òyìnbó amúnisìn. "Ìlera ọkàn" lèmi ń lò ní tèmi, ọkàn ló ń bàjẹ́, ọkàn ló ń pòrúurùu, ọkàn náà ló ń balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì kan ta kò mí pé tí wọ́n bá kọ ìyẹn sára ògiri ọsibítù, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa tò síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò ṣáà gbà. Ẹni tó bá ní "ọkàn mi ò balẹ̀," ta ni ò mọ ohun tó ń sọ?

Ó wá ku ìmọ̀ràn. Káa gbani nímọ̀ràn, ẹnì kan ló mọ̀, ẹnì kejì ò mọ̀, ẹni tó mọ̀ á sọ, ẹni tí ò mọ̀ á gbọ́. Ìmọ̀ràn ò wọ́n n'Ìbàdàn jàre. Wọ Mícrà láti Ìwó Road dé Dùgbẹ̀, kó o mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, dẹ́rẹ́bà á gbà ẹ́ nímọ̀ràn, ìyá tó jókòó tì ẹ́ á fi tiẹ̀ lé e, ẹni tó wà níwájú á yíjú sẹ́yìn pé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àbúrò òun. Ọdún tí ìyá mi kú wọ́n ní kí n lọ rí ẹnì kan tí wọ́n ní ó kàwé iṣẹ́ náà, mo lọ. Kò tíì bi mí bí ìyá mi ṣe kú tó ti ní kí n máa jáde, kí n máa ṣe eré ìdárayá, kí n dúpẹ́ pé wọ́n dàgbà. Gbogbo ohun tó sọ ló dáa o. Mo dúpẹ́, mo dìde, ìdí tó gbé mi lọ ṣì wà níkùn mi bó ṣe wà nígbà tí mo wọlé.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá ṣá, ìlú wa níbí ló ti wá. Ní 1959 àwọn sísítà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, pe àwọn tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde lọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe láyé wọn, ibẹ̀ làwọn tó ń kọ ìtàn káńsẹ́lìn ní Nàìjíríà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn nìyẹn lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀. Látìgbà náà ni ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn ti so pọ̀ bíi Táyé àti Kẹ́hìndé lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan ní ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ tó ń bi ẹ́ pé ṣé kóun ṣe sáyẹ́ǹsì àbí àátì, ìmọ̀ràn ló fẹ́. Ọmọ tí ò jẹun láti ọjọ́ tí èsì JAMB ti jáde ńkọ́?

Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní káńsẹ́lìn. Mi ò bínú sí wọn púpọ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa káńsẹ́lìn ni kíláàsì tí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń lọ, sọ fún ìyá ìjọ pé ò ń lọ káńsẹ́lìn, á bi ẹ́ pé kí ni aṣọ ẹbí. Ọmọkùnrin kan tún wà tó ń pariwo "ìtọ́jú-afọ̀rọ̀ẹnuṣe" káàkiri. Kó o tó pe ìyẹn tán, ẹni tó fẹ́ gbàtọ́jú ti lọ ra àgbo.

Ìbánirò lèmi fi ń pè é. Ẹni tó ń ṣe é, alábàárò. Mi ò dá a sílẹ̀, mo bá a nílẹ̀ ni, àwọn bàbá wa ti ń pe ẹni tí wọ́n ń finú hàn ní alábàárò kí yunifásítì tó dé. Tí ọ̀rọ̀ bá ká wa lára kí la máa ń sọ? "Ẹ wá bá mi rò ó." A kì í ní "ẹ wá rò ó fún mi." Ohun tó tún jẹ́ kó dùn mọ́ mi nínú ni pé "rò" yẹn náà ló wà nínú àìsàn ọ̀hún: àròkàn ló ń fa ẹkún àsun-ùn-dá, ẹni tó bá ń dá a rò lóru ló ń di àròkàn fún, tó bá rẹ́ni bá a rò ó lọ́sàn-án, ohun kan náà ló di ìtọ́jú. Ẹ fi "ìgbaninímọ̀ràn" ṣe irú ẹ̀ fún mi kí n rí i.

Ẹni tí kò bá tíì yé, kó lọ sí Bódìjà láàárọ̀ Sátidé. Á rí obìnrin tó ru abọ́ tòmátì àti tàtàṣé, ọrùn ti ń gbọ̀n, ó fẹ́ sọ̀ ọ́, kò lè dá a sọ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí gbogbo ẹ̀ á dà sínú potopoto. Á ké sí ẹni tó ń kọjá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Onítọ̀hún á dúró kojú ẹ̀, á di etí abọ́ kan mú, òun á di ìkejì mú, wọ́n á jọ máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ilẹ̀. Ìgbà yẹn lọrùn tó lè yí. Á wo inú ẹrù, á rí i pé tàtàṣé ti tẹ tòmátì ìsàlẹ̀ fọ́, á ṣa èyí tó ti bàjẹ́ dànù, á tún òṣùká ká, bóyá á pín in sí méjì, bóyá á fi ìdajì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ dìgbà tó máa padà. Ẹrù ẹ̀ ṣì ni, òun náà ló máa rù ú lọ. Ẹni tó bá a sọ̀ ọ́ ò gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní "kí ló tiẹ̀ dé tó o rà tó báyìí?" Ẹni tó ń gbowó ru ẹrù fún èèyàn lọ́jà, alábàárù la ń pè é, alábàárò rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fáwẹ̀lì kan ló yà wọ́n. Àwọn tó ń wá ìmọ̀ràn kiri, alábàárù ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ irú ẹrù yìí ò ní alábàárù.

Wọ́n á ní ṣebí ọ̀rẹ́ ẹni náà lè jẹ́ alábàárò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ sú ọ̀rẹ́ ni, ọ̀rẹ́ á tún gbé tiẹ̀ lé tìẹ. Èyí tó kọ́ṣẹ́, ohun tó o bá sọ níwájú ẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde, àfi láwọn ìgbà díẹ̀, bíi tó o bá ń sọ pé o fẹ́ pa ara ẹ tàbí ẹlòmíì, yóò sì ti sọ ìyẹn fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó máa ń fi "gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn" pa wá lẹ́nu mọ́, òwe yẹn ò ṣáà ní ká má fọ aṣọ. Ẹnì kan tún fẹ́ kí n ya káńsẹ́lọ̀ sọ́tọ̀ sí saikọ́lọ́jíìsì, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ èrò àti ìwà èèyàn, sọ́tọ̀ sí saikayatíríìsì, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń kọ oògùn ń kọ oògùn, ẹ jẹ́ á rìn.

Ọmọ ọdún márùn-ún ò ní jókòó sọ fún ẹ pé ọkàn òun bàjẹ́. Inú ló máa máa run ún láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní lẹ́yìn tó ti jáwọ́ ńbẹ̀. Alábàárò tó mọṣẹ́ á kó bèbí àti kíréyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á ní kó ya àwọn ará ilé wọn, ibi tí ọmọ bá fi bàbá sí, tàbí tí ò fi bàbá sí rárá, ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, JAMB, ẹgbẹ́, fóònù, ẹ̀yin náà ń gbé pẹ̀lú wọn.

Ìyá ọmọ tuntun ni mo fẹ́ dúró tì. Èyí tó le jù nínú ẹ̀, a ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́, abísínwín, ẹni tó bímọ tán tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nìkan ò gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbánirò, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Èyí tó kàn ń sunkún lọ́jọ́ kẹta kẹrin, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì ó ti lọ. Ẹni àárín la ò lórúkọ fún: ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì, ó ti di oṣù méjì, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fún un lọ́mú, ojú ẹ̀ gbẹ, adùn ọmọ ò ká a lára, kò sì jẹ́ sọ ọ́ torí wọ́n á ní "àwọn tó ń wá a lójú méjèèjì ńkọ́?" Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n fi ń dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ̀, Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1987, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń lò ó. Ṣé o ṣì ń rí ohun tó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé ò ń dá ara ẹ lẹ́bi lórí ohun tí ò yẹ? Ìkẹwàá ni pé ṣé ó ti wá sí ẹ lọ́kàn láti ṣe ara ẹ léṣe. Mo wá ìmọ̀ràn kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mi ò rí.

Ẹ tún wo bàbá tó fẹ̀yìntì ní Sẹkitéríàtì Agodi lẹ́yìn ọdún 35. Ọmọ méjì wà ní Kánádà, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń pè lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sunday. Láàárọ̀ Monday bàbá á lọ ṣẹ́ẹ̀tì, á wọ̀ ọ́, á jókòó sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú rédíò, ibi tí wọ́n fẹ́ lọ ò sí. Ìmọ̀ràn á ní "ẹ máa sinmi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Alábàárò á bi wọ́n pé "aago mẹ́wàá Monday, kí lẹ máa ń ṣe lọ́fíìsì?" Bàbá á rò ó, wọ́n á ní àwọn ló ń yẹ ìṣirò àwọn ọmọọṣẹ́ wò. Látorí ìyẹn ni wọ́n á jọ mú nǹkan kékeré kan, ẹyọ kan péré, fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá ọmọ mẹ́ta ládùúgbò tí wọ́n á máa kọ́ ní ìṣirò ní Wednesday. Tí wọ́n bá padà dé wọ́n á wo bó ṣe lọ.

Ohun tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe ní Zimbabwe gan-an nìyẹn. Ní 2006, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà 14 ní Harare, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta fún wọn, ẹni tí nǹkan bá ń ṣe á wá jókòó tì wọ́n. Ohun tí àwọn ẹ̀yà Shona níbẹ̀ ń pe àìsàn ọ̀hún ni kufungisisa, kéèyàn máa rò jù. Àròkàn! Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ fi orúkọ àìsàn ọpọlọ pe bẹ́ǹṣì náà, àwọn ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó máa jókòó sí i, ni wọ́n bá sọ ọ́ di bẹ́ǹṣì ọ̀rẹ́. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń ja ìjà orúkọ?

Mo pa "Ìmọ̀ràn Ọpọlọ" rẹ́ lórí ìwé pélébé yẹn, mo kọ "Tó bá ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ wá ká jọ rò ó. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni." Ṣe ni mo tún kà á sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí. Wọn ò wò mí lọ́tẹ̀ yìí, gèlè ni wọ́n ń ká. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí. Mo ní Tuesday àti Thursday. Wọ́n ka ìka wọn, wọ́n ní Thursday máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ọ̀jẹ́, kí n bá àwọn bi wọ́n bóyá Tuesday ṣì láyè.