Dróònù ìpẹja ní agbègbè Àjàṣẹ́

Dróònù ìpẹja ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré aláìlawakọ̀ tí apẹja fi ń gbé ìwọ̀ àti ìjẹ lọ sí ibi tí apá rẹ̀ kò lè jù ú dé. Kì í ṣe dróònù ló ń pa ẹja. Bó bá ti já ìjẹ sínú omi, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ó kù sọ́wọ́ ọ̀pá, okùn àti ẹni tó dúró létí omi. Ní agbègbè Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Porto-Novo, oríṣi omi méjì ló wà: ọsà tó wà lẹ́sẹ̀ ìlú gan-an, àti òkun Àtìláńtíìkì tó wà níhà gúúsù, ní Sèmè-Kpodji. Dróònù tó wúlò lójú òkun lè má wúlò rárá lójú ọsà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, omi tó fẹ́ fi pẹja ni kó kọ́kọ́ mọ̀, kó tó béèrè iye owó.

Ìbẹ̀rẹ̀

Fífi ohun tó ń fò gbé ìjẹ ti pẹ́ láyé. Ní àwọn erékùṣù Solomon àti ní apá kan ilẹ̀ Indonéṣíà, àwọn apẹja a máa fi ewé ṣe ohun kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fi bébà ṣe, wọ́n á so okùn mọ́ ọn kó máa wọ́ ìjẹ lórí omi. Ní Solomon, òwú aláǹtakùn tí wọ́n ká jọ ni ìjẹ náà. Kò ní ìwọ̀ nínú. Eyín wẹ́wẹ́ ẹja ẹlẹ́nu gígùn ló ń há sínú òwú. Lẹ́yìn náà ni àwọn apẹja etíkun ilẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í so ìjẹ mọ́ fèrè rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, kí afẹ́fẹ́ gbé e jáde lọ sójú òkun. Fèrè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sèmè lọ́sàn-án, torí pé láti orí òkun ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń fẹ́ wọlé. Ńṣe ni yóò gbé fèrè náà padà bá onífèrè.

Ní ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ DJI ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé dróònù Phantom jáde. Kámẹ́rà ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn apẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í so ìjẹ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wá ń ṣe èyí tó jẹ́ ti ẹja gan-an: SwellPro, tí òun náà wà ní Ṣáínà, ń ṣe SplashDrone tí omi kì í wọ̀, ní Gúúsù Áfíríkà, Gannet ń ṣe ohun èlò tí a ń so mọ́ abẹ́ dróònù láti di ìjẹ mú kó sì tú u sílẹ̀.

Òkun àti ọsà

Etíkun Bẹ̀nẹ̀ gùn tó kìlómítà 121, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ìgbì kì í lu iyanrìn tagbáratagbára. Ẹni tó dúró létí omi ní Sèmè tó ju ìwọ̀ lọ́wọ́, àárín ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni òjé tó ń fa ìwọ̀ rẹ̀ rì sábà máa ń bọ́ sí. Ìgbì náà ni yóò sì yí i padà wá sórí iyanrìn. Ẹja ńlá bíi kúta ń rìn ní ìkọjá ibẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn apẹja etíkun ti ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn tipẹ́: ọkọ̀ tí wọ́n ń fipá gba àárín ìgbì kọjá, àti àwọ̀n fífà tí ọkọ̀ gbé yípo kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó fà á bọ̀ láti orí ilẹ̀ pẹ̀lú orin. Dróònù jẹ́ ọ̀nà kẹta, fún ẹni tí kò ní ọkọ̀ tí kò sì ní ogunlọ́gọ̀. Ó lè gbé ìjẹ kọjá ìgbì, kó sì já a sílẹ̀ ní nǹkan bíi 300 mítà sí etí omi.

Ọ̀rọ̀ ọsà yàtọ̀. Ọsà Àjàṣẹ́ kò jìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pá tí atukọ̀ fi ń ti ọkọ̀ ń kan ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Ipadò Totchè ló so ó mọ́ ọsà Nokoué, Nokoué sì ń bá òkun pàdé ní ẹnu omi Kùtọnu tí wọ́n gbẹ́ ní 1885. Lórí omi yìí, akájà pọ̀: igbó ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ kí ẹja lè fara pamọ́ síbẹ̀, kó jẹun, kó sì bí sí i, títí ọjọ́ tí wọn yóò fi àwọ̀n yí i ká. Kò sí akájà tí kò ní olówó. Ìwọ̀ tó bá bọ́ láti òkè sáàárín rẹ̀ yóò há, ẹni tó ni akájà yóò sì fẹ́ mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ọkọ̀ kan, àjẹ̀ kan àti ọmọkùnrin kan yóò gbé ìjẹ débi gbogbo tí apẹja ń fẹ́ lójú ọsà, láìgba bátírì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni dandan, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí sàn ju dróònù lọ níbẹ̀.

Ohun tí dróònù lè ṣe lójú ọsà ni wíwò. Láti òkè, ó ń fi hàn ibi tí koríko olódòdó àlùkò tó ń léfòó ti fẹ́ dí ọ̀nà ọkọ̀, ibi tí àwọ̀n tó já wọlé sí, àti igi akájà tó ti ṣubú. Kò lè fi ẹja hàn. Omi náà dúdú fún ẹrẹ̀, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí odò Wẹ̀mẹ̀ bá kún bọ̀ láti òkè, kámẹ́rà kò sì lè rí ju ojú omi lọ. Lápá Ṣábẹ̀ẹ́ ní àárín Bẹ̀nẹ̀, lórí odò Òkpárá, omi kò fẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ju ìwọ̀ kọjá lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà kò sí ìdí fún un níbẹ̀.

Yíyan dróònù

Ẹrù ni nǹkan àkọ́kọ́. Bí òjé bá jẹ́ gíráàmù 150, tí ààbọ̀ ẹja ṣawa tí a fi ṣe ìjẹ sì jẹ́ 200, ẹrù ti di 350 kí okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Fífà okùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Bí dróònù ṣe ń jìnnà ni okùn tó wà lójú afẹ́fẹ́ ń gùn sí i, tí ó ń tẹ̀ bí ọrun, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìjẹ àti òjé ju ìdajì ohun tí ilé iṣẹ́ ní dróònù lè gbé lọ. SplashDrone 4 lè gbé kílógíráàmù 2. Dróònù kámẹ́rà kékeré tí kò tó gíráàmù 250 kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Dróònù kámẹ́rà tó tóbi díẹ̀ lè ṣe é, àmọ́ ó ní ìṣòro kan tí ojú kì í tètè rí. Abẹ́ rẹ̀ ní ojú ẹ̀rọ tó ń wo ilẹ̀. Bí ìjẹ bá ń fì lábẹ́ ojú yìí, ó lè rò pé ilẹ̀ ti dé, kó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, tàbí kó máa gòkè fúnra rẹ̀. Okùn tó gùn tó mítà kan tàbí méjì láàárín dróònù àti ìjẹ ń dín èyí kù, ó sì ń gbé ìwọ̀ jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé dróònù fò.

Ti omi: àmì IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé, àti pé ohun èlò náà lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi ń dán an wò. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin mọ́tò àti ojú bátírì yálà omi wọlé tàbí kò wọlé, nítorí náà fífi omi tí kò níyọ̀ ṣan dróònù lẹ́yìn iṣẹ́ kò ṣeé fò. Dróònù tí omi ń wọ̀, bó bá ti bọ́ sókun, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tú ìjẹ sílẹ̀. Ti ìfà kò ní iná: bí ẹni tó di ọ̀pá mú bá dá okùn dúró, ìfà yóò já ìjẹ kúrò. Ó rọrùn láti tún ṣe, àmọ́ ẹ̀fúùfù líle lè já a kó tó dé ibi tí a ń lọ. Ti rìmóòtù ń gba àṣẹ lọ́wọ́ adarí dróònù. Ẹ̀kẹta ń wo iná ẹsẹ̀ dróònù; bí adarí bá tan iná náà, ó tú.

Okùn híhun tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ kì í rí i tì tó okùn náílọ́ọ̀nù, nítorí náà òun ló dára jù. Kẹ̀kẹ́ okùn, èyí tí a ń ká okùn sí lára ọ̀pá, gbọ́dọ̀ gba okùn tó gùn ju ibi tí ìjẹ ń lọ. Ẹni tó fẹ́ já ìjẹ sílẹ̀ ní 300 mítà, tí okùn rẹ̀ sì jẹ́ 300 mítà géérégé, kò ní èyí tí yóò fún ẹja ńlá nígbà tó bá sáré.

Lílò rẹ̀ ní etíkun

Ènìyàn méjì ló yẹ kó wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan sí rìmóòtù, ọ̀kan sí ọ̀pá. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù ní Sèmè, kí afẹ́fẹ́ òkun tó le. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé dróònù lé, torí pé iyanrìn tí abẹ̀bẹ̀ bá gbọ̀n sókè ń wọ mọ́tò. Wọ́n á dúró kí ó rí sátẹ́láìtì tó pọ̀ tó, kó lè mọ ibi tí yóò padà sí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó di ọ̀pá mú yóò ṣí kẹ̀kẹ́ okùn sílẹ̀ pátápátá, àtàǹpàkò rẹ̀ á kàn máa fara kan okùn kó má bàa dà wọ́ọ́ sílẹ̀.

Dróònù á gòkè tó mítà 15 tàbí 20, yóò gba ojú òkun lọ, okùn á sì máa ṣe fùù jáde. Bí òjé ti kọjá ìlà funfun ibi tí ìgbì ti ń fọ́, adarí á ké sí ẹnì kejì, wọn á tú ìjẹ. Kì í ṣe ìgbà yẹn ni kí a máa ká okùn kíákíá. Okùn tó wà lókè gbọ́dọ̀ bọ́ sójú omi ná, òjé gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kí a tó ti kẹ̀kẹ́ kí a sì ká èyí tó dẹ̀. Omi etíkun yìí sábà máa ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí ìjẹ dúró níwájú òun a já a sílẹ̀ síhà Kùtọnu díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun ń fìyà jẹ dróònù nígbà tó bá ń gbé ẹrù lọ, àmọ́ ó ń tì í bọ̀ wálé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo. Oore ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, ẹrù lè dín àkókò tí bátírì fi ń ṣiṣẹ́ kù dé ìdajì, torí náà ó yẹ kí ìjẹ ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí bátírì tó dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí okùn bá há nígbà tí dróònù ṣì wà lókè, a kì í tẹ bọ́tìnì ìpadà wálé: dróònù yóò bá okùn jà, okùn náà ni yóò sì fà á lulẹ̀. Kí a tú ìjẹ, bí kò bá sì tú, kí ẹni tó di ọ̀pá mú gé okùn. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀.

Bátírì rẹ̀ jẹ́ lítíọ́ọ̀mù. Ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń kún ní fóólù 4.2; bí a kò bá ní lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan bíi 3.8 ló yẹ ká fi sí. Fífi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí oòrùn ń pa lè mú kó wú, èyí tó bá sì ti wú kò tún yẹ ní fífò.

Òfin àti àdúgbò

Òfin ìpẹja Bẹ̀nẹ̀ tó wà lójú iṣẹ́ ni òfin 2014-19 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, ọdún 2014. Ti fífò fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ ANAC, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń gba àṣẹ kí dróònù tó gbéra. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìpẹja kéde pé fífi dróònù gbé ìjẹ lòdì sí òfin. Àwọn oníṣòwò dróònù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga ní Pretoria lọ́dún kan náà, wọn kò sì borí.

Sèmè kò jìnnà sí ẹnubodè Kraké, ọ̀rọ̀ ẹnubodè kò sì mọ sórí ilẹ̀ nìkan. Dróònù tí afẹ́fẹ́ gbé kọjá ti bọ́ sábẹ́ òfin Nàìjíríà, níbi tí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ti wọ inú àṣẹ dróònù. Lápá Kùtọnu, ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun ni a ń sá fún. Níbi tí wọ́n bá ti ń fa àwọ̀n lọ́wọ́ létíkun, okùn dróònù kò gbọdọ̀ gba iwájú wọn kọjá, nítorí pé àwọ̀n náà lè yí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà omi ká. Nínú ìlú Àjàṣẹ́ àti àwọn abúlé rẹ̀, kámẹ́rà tó ń fò kọjá lórí igbó Orò lè dá ìjà sílẹ̀ tí ìwé àṣẹ ANAC kò lè parí; àwọn àgbà àdúgbò ni a ń béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.