Bí Ọkọ̀ Bá Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Tí A Pààrọ̀ Kílọ́ọ̀ṣì àti Flywheel

Oníbàárà tó bá fi kílọ́ọ̀ṣì líle àti flywheel (irin rìbìtì tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, tí kílọ́ọ̀ṣì ń dì mọ́) fífúyẹ́ rọ́pò èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, tí ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, sábà máa ń ní kí a tún sọ jíábọ́kìsì kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. N kì í tètè gbà, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni, àti pé ìgbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n gan-an ló máa ń fi ibi tí àléébù wà hàn.

Ẹ kọ́kọ́ ya ariwo sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbọ̀n. Flywheel ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́ alápá méjì, sípíríìnì sì wà láàárín rẹ̀ tó ń gba ìjìgìjìgì ẹ́ńjìnnì kí ó má baà dé inú jíà. Bí a bá fi irin kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, eyín jíà lè máa lu ara wọn nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní fíríì, kí ó sì dákẹ́ bí a bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kì í ṣe àléébù iṣẹ́ ẹni tó tò ó. Bákan náà, ẹ́ńjìnnì á máa tètè kú bí ẹ bá fẹ́ gbéra lórí òkè, ohun tí ẹni tó ń wakọ̀ nílùú olókè bí Iléṣà yóò tètè rí.

Gbígbọ̀n gidi yàtọ̀. Ẹ dúró sójú kan, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹ sì rọra tẹ iná (accelerator) ní fíríì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yípo bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá gbọ̀n níbẹ̀, ọwọ́ táyà àti pùrọ̀pẹ́là mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́ iná, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, ẹ fi jíà kìíní sí i láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì, kí ẹlòmíràn má sì dúró níwájú ọkọ̀. Dísíkì, ìyẹn apá kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé agbára wọ inú jíà, ti dúró báyìí, ṣùgbọ́n flywheel àti pressure plate (irin tó ń tẹ dísíkì mọ́ flywheel) ṣì ń bá kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) yí. Kí ẹnìkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ fa wáyà accelerator díẹ̀díẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà kò bá lọ, flywheel àti pressure plate ni kí ẹ fura sí, bí ó bá sì lọ, ẹ wo dísíkì àti ọ̀pá tó wọ inú jíà.

Àìdọ́gba ìwúwo ló sábà máa ń fà á. Bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, agbára tí àìdọ́gba náà fi ń mi ẹ́ńjìnnì yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 1,000 sí 3,000, ó di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí a kò tẹ iná, kí ó sì máa jó tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé pressure plate kò jókòó dáadáa lórí àwọn píìnì tó ń tọ́ ọ sọ́nà, tàbí pé ìpẹtà díẹ̀ há sáàárín flywheel àti kíráńkì. Èyí tí mo kórìíra jù ni ti àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwúwo sí apá kan flywheel wọn: bí tuntun kò bá ní irú rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè dì í tí yóò sàn. Ẹ má tíì ju ti àtijọ́ nù. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì kó méjèèjì lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń dọ́gba ìwúwo wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ wo síìtì ẹ́ńjìnnì (ohun tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) àti ti jíábọ́kìsì, torí pé a máa ń tú wọn nígbà iṣẹ́ yìí, bóòtì kan tí kò le sì tó láti mi gbogbo ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ yẹ ọ́ìlì wò lójú dísíkì, kí ẹ sì pààrọ̀ síìlì ìdí kíráńkì tó bá ń jò kí dísíkì tuntun tó wọlé.