Bí Òtẹ́ẹ̀lì Olórin Ṣe Di Ibi Fàájì Àwọn Àgbà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ilé fàájì sílẹ̀ lónìí gbà pé àgbà kì í jáde, àti pé bó bá tilẹ̀ jáde, kì í náwó. Ẹni tó bá mọ bí òtẹ́ẹ̀lì olórin, ìyẹn òtẹ́ẹ̀lì tí olórin fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yìí kan náà ló fi owó oṣù wọn gbé ilé fàájì ró nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́.

Ọ̀dọ̀ Bobby Benson ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n bí ní 1922. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun rí kó tó padà sílé. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Cassandra, wá dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ṣàwàdà, tí wọ́n sì ń kọrin. Nígbà tí E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ láti Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣeré ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, highlife gba ìgboro, Benson náà sì kọjú sí i. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn olórin highlife bíi Victor Olaiya àti Roy Chicago gbà kọjá. Nígbà tó yá, ó kọ́ Caban Bamboo sí Ikorodu Road, èyí tó wá di Hotel Bobby. Olaiya náà ní Stadium Hotel tirẹ̀ ní Sùúrùlérè.

Ọgbọ́n ìṣòwò tó wà níbẹ̀ kò le. Olórin tó ń ṣeré fún onílé, owó iṣẹ́ nìkan ló ń gbà. Owó ọtí, owó ọbẹ̀, owó yàrá, ti onílé ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ tó tún ní òtẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ kan náà ló fi ń kó méjèèjì. Oníbàárà sì mọ ojúkò olórin rẹ̀, kò ní máa wá a kiri.

Àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń kún ibẹ̀ lálẹ́ Sátidé, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fún ọmọ iléèwé tí bàbá kò ní jẹ́ kó rìn lóru, Sunday Jump, ìyẹn òde ijó ọ̀sán, wà ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọjọ́ náà ń bọ̀ wá wúlò.

Roy Chicago, tó máa ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì Abalábí ní Mushin, ló ṣe ohun tí mo rò pé ó so àwọn èèyàn mọ́ òtẹ́ẹ̀lì jù lọ: ó mú ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọ àárín trumpet àti saxophone. Fèrè lè múni jó, ṣùgbọ́n kò lè peni lórúkọ. Onílù rí ẹ lẹ́nu géètì, o ò tíì jókòó, ó ti ki bàbá rẹ. O rọra gbá ọwọ́ agbádá sókè, o rìn lọ síwájú, o lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ta ni yóò wá sọ pé o kò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 tú ẹgbẹ́ púpọ̀ ká, nítorí ọ̀pọ̀ olórin tó jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn fi Èkó sílẹ̀. Jùjú bọ́ sí àyè náà: Ebenezer Obey ní ilé fàájì tó ń jẹ́ Miliki Spot, Sunny Ade ní Ariya tirẹ̀. Orin yàtọ̀, ètò ilé kò yàtọ̀. Ohun tó ṣe ilé wọ̀nyí léṣe gan-an ni àwọn ọdún 1980. Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986, àwọn adigunjalè gba òru, DJ kan sì ń gba owó tí kò tó ti olórin mẹ́wàá. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù gba òde ìnáwó lọ.

Eré highlife tún padà dé ṣá. Ilé fàájì O'Jez, tó kọ́kọ́ wà ní Ìwáyà kó tó bọ́ sínú ọgbà National Stadium ní Sùúrùlérè, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàlejò àpèjẹ highlife oṣooṣù tí wọ́n pè ní Elders' Forum. Benson Idonije, àgbà oníròyìn tó kọ́kọ́ ṣe máníjà Fela, wà lára àwọn tó dúró tì í. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n mú, bíi ti Sunday Jump àtijọ́. Mo gbóríyìn fún ẹni tó yan ọjọ́ yẹn, torí àgbà tó ń bẹ̀rù ojú ọ̀nà lóru yóò jáde nírọ̀lẹ́.

Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Bàbá Fatai Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, tún gbé gìtá wọn jáde lẹ́yìn tí ayé ti gbàgbé wọn. Orin wọn, "Won Kere Si Number", dé etí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí, wọ́n sì ń ṣeré lọ títí wọ́n fi kú ní 2013. Ọdún yẹn kan náà ni Olaiya àti 2Face jọ tún "Baby Jowo" kọ.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ àgbà ń pe ẹnì kan ṣoṣo tó ń tẹ keyboard, tí ẹ̀rọ ń bá a lu ìlù. Ó san ju DJ lọ, ó kéré tán ó lè dá èèyàn lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó tèmi ni, mi ò ní fi ra gbohùngbohùn ńlá mìíràn; màá fi gba onígángan kan.