Tánkì ìdọ̀tí ilé ní Massachusetts: yàrá ni òfin ń kà, kì í ṣe èèyàn

Nínú ilé márùn-ún ní Amẹ́ríkà, ó tó ọ̀kan tí kò so mọ́ páìpù ìdọ̀tí ìlú. Abẹ́ ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin tirẹ̀ lórí èyí. Title 5 ni wọ́n ń pe ti Massachusetts, ìgbìmọ̀ ìlera ìlú ló sì ń rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e.

Yàrá ibùsùn kan, 110 gálọ́ọ̀nù omi lóòjọ́. Ì báà jẹ́ opó kan ṣoṣo ló ń gbé ilé oníyàrá mẹ́rin, 440 ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ó jọ àṣejù, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ ni wọ́n ń rò: opó lè ta ilé fún ọlọ́mọ mẹ́fà. Tánkì kò sì gbọ̀dọ̀ kéré sí 1,500 gálọ́ọ̀nù.

Síbẹ̀, ilẹ̀ ló ń dájọ́. Nínú tánkì, pàǹtí á rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín á sì ṣàn lọ síbi tí ilẹ̀ á ti sẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á rọ omi sí i títí á fi ga tó ínṣì 12, wọ́n á máa bù kún un fún ìṣẹ́jú 15 kí ilẹ̀ lè mu ún yó. Wọ́n á wá fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa wo aago bó ṣe ń ti ínṣì 9 bọ̀ sí 6. Tó bá gba ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 10 ni ínṣì kan gbà, ó dáa. Tí ínṣì kan bá ju ìṣẹ́jú 60 lọ, wọn kò ní gbà á fún ilé tuntun. Ilẹ̀ tó yára jù náà ní wàhálà tirẹ̀, torí yanrìn tó ń gbé omi mì kò ráyè sẹ́ ẹ.

Ó tún ku omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó gbẹ́lẹ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà ooru ibẹ̀, lè bá a ní gbígbẹ táútáú, àmọ́ àbàwọ́n pupa bí irin tó dípẹtà lára ògiri kòtò á fi ibi tí omi máa ń ga dé hàn án.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé ni òfin yìí ń jí ọ̀pọ̀ onílé. Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti wáyé láàárín ọdún 2 ṣáájú. Ọdún 3 ni fún ẹni tó ń gbọ́n tánkì rẹ̀ lọ́dọọdún, tó sì ní ìwé ẹ̀rí. Èyí tó bá kùnà, wọ́n sábà máa ń fún un ní ọdún 2 láti tún un ṣe. Ẹni tó máa sanwó rẹ̀, ọwọ́ olùtà àti olùrà ló kù sí.