Ọkọ́ tó di ọkọ: ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Nínú fíìmù kan tí a ṣe, ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ́ mi ti sọnù." Ẹni tó ń kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán gbọ́ "ọkọ mi ti sọnù," ó sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ilé ni wọ́n ń wá. Nínú ìran tó tẹ̀ lé e, bàbá ilé jókòó wẹ́rẹ́, ó ń jẹ ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi han àwọn ojúlùmọ̀, ẹ̀rín bú síbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo gba ohùn ọjọ́ náà sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri, máìkì wà lórí kámẹ́rà, kámẹ́rà sì jìnnà sí ìyá náà tó mítà mẹ́rin. N kò lè ti ẹ̀bi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Bí àwọn onífíìmù bá pè mí fún iṣẹ́, kámẹ́rà ni wọ́n máa ń fi kí mi. "A ti ní FX3 o!" Kámẹ́rà gidi ni, Sony gbé e jáde ní 2021. Ọwọ́ ìgbámú kan wà nínú páálí rẹ̀ tó ní ihò fún wáyà XLR, èyí tí máìkì tó dáa ń lò. Ibi tí mo ti bá ọwọ́ yẹn nínú ọ̀rá rẹ̀ tí wọn ò tíì tú u ti pọ̀ ju ibi tí mo ti bá a lórí kámẹ́rà lọ.

Ẹni tó ń ṣe fíìmù lédè Gẹ̀ẹ́sì lè rí ojú àánú gbà bí ohùn bá dọ̀tí díẹ̀. Ìwọ tí ò ń ṣe é ní Yorùbá kò lè rí i. Igba, igbá, ìgbà, igbà: lẹ́tà kan náà ni, òkè-sódò ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Òun náà ni gángan ń lò tó fi ń sọ̀rọ̀ láìní ètè. Bí ariwo bá bo òkè-sódò yẹn mọ́lẹ̀, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn-ún gbọ́ mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí iná tó ń mú wá lè jẹ́ 50 Hz bíi ti NEPA (Hz ni iye ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ẹ̀ńjìnnì kékeré ní láti máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" máa ń bú gbàù lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo yíyí, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ariwo rẹ̀ kì í sì dúró sí 50 Hz. Ó ń gun àkàbà lọ sókè: 100, 150, 200. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí a ń bu ọ́ìlì sí lọ́tọ̀ ń bú gbàù lẹ́ẹ̀kan ní yíyí méjì, nítorí náà àtẹ̀gùn tirẹ̀ tún súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: 25, 50, 75, 100, 125. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180 Hz, ti obìnrin láàárín 165 sí 255. Orí àga kan náà ni jẹnẹrétọ̀ àti òṣèré jókòó sí.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn "ẹ sáà gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò" kò fi tó. Bí o bá gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz, o gé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ìyókù ṣì wà nínú ohùn. Gígé yẹn fúnra rẹ̀ kò ba àmì ohùn jẹ́ o. Etí wa máa ń fi àwọn ìró tó wà lókè mọ ibi tí ohùn dúró sí. Ẹ rántí pé fóònù kékeré kò lè gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde rárá, síbẹ̀ bí ìyá rẹ bá pè ọ́ lórí rẹ̀, o kì í ṣi ọkọ́ gbọ́ sí ọkọ. Ariwo tó dúró sáàárín ni ọ̀tá.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ jìnnà. Ní gbangba, gbogbo ìgbà tí o bá sọ jíjìn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ ń fi nǹkan bíi désíbẹ̀lì 6 rẹlẹ̀ (désíbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n gíga ariwo). Láti mítà 5 sí mítà 40, ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn, désíbẹ̀lì 18. Ẹ fi ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ sáàárín, kí ẹ sì kọ ihò èéfín rẹ̀ sí òdìkejì. Wáyà tó gùn náà gbọ́dọ̀ nípọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á rẹ̀ kó tó débi iṣẹ́. Ní báyìí tí iná LED kì í jẹ iná púpọ̀, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi bátìrì nìkan ya ìran inú ilé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nínú gbogbo nǹkan tuntun tó ti wọ iṣẹ́ wa, èyí ló dùn mọ́ mi nínú jù, ju kámẹ́rà èyíkéyìí lọ.

Òfin kan náà tó ń lé jẹnẹrétọ̀ jìnnà ló ń pe máìkì súnmọ́ ẹnu. Láti mítà mẹ́rin sí ìdajì mítà, désíbẹ̀lì 18 ni ohùn tó ń ti ẹnu wá tààrà fi ga sí i, bẹ́ẹ̀ ariwo àyíká kò kúrò níbi tó wà. Ọ̀pá gígùn, ẹni tí apá rẹ̀ kì í tètè ro, àti hẹ́dìfóònù létí rẹ̀: mo gbà pé àwọn mẹ́ta yìí dáa ju lẹ́ńsì kejì lọ. Máìkì shotgun gígùn, tó ń gbọ́ ọ̀kánkán tí a bá kọ ọ́ sí, bíi Sennheiser MKH 416, dára nínú oko àti lójú títì. Nínú yàrá onísìmẹ́ǹtì, ohùn tó ń ta padà láti ara ògiri máa ń jẹ́ kí ó dún bí ẹni tó wà nínú àmù. Níbẹ̀, máìkì kékeré tí wọ́n ń pè ní hypercardioid, tí òun náà ń gbọ́ iwájú rẹ̀ jù, sàn jù, kí ẹ sì gbé bẹ́ẹ̀dì ti ògiri tí kámẹ́rà kò rí, kí ẹ fi aṣọ ìbora kọ́ ojú fèrèsé.

Máìkì kékeré abẹ́ aṣọ ní wàhálà tirẹ̀ lára wa. Léèsì ń họ ọ́ ṣaṣara, aṣọ tí wọ́n ti sítáàṣì ń dún bí ìwé, apá agbádá ń gbá a. Nínú fíìmù ayé àtijọ́, iyùn ọrùn ọba a máa kàn án kọ́, kọ́, kọ́ ní gbogbo ìgbà tí kábíyèsí bá mí. Mo ti jáwọ́ nínú àyà. Etí fìlà tàbí ìṣẹ́po gèlè níwájú orí ni mo ń fi í sí: ibẹ̀ kì í họ, orí kì í sì jìnnà sí ẹnu bó ti wù kí òṣèré yí ojú.

Ṣé máìkì aláìlókùn ni? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí apá wa ká, bíi Rode Wireless Pro àti DJI Mic 2, ń rìn lórí 2.4 GHz, ojú ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi àti Bluetooth ń gbà. Ní ìran ọjà tí igba ènìyàn kó fóònù sápò, ó lè já nígbàkigbà. Àwọn méjèèjì lè gba ohùn sínú ara wọn lára òṣèré. Ẹ tan án ṣáájú ìran àkọ́kọ́.

Àwọn máìkì méjèèjì yìí tún ń gba ohùn ní 32-bit float, ọ̀nà ìgbohùnsílẹ̀ tó ní àyè fún ohùn kékeré àti ńlá, ohun tí ẹ̀rọ Zoom F6 àti MixPre II ti mú wọ iṣẹ́ àwọn agbohùnsílẹ̀ láti 2019. Òṣèré wa kan lè bẹ̀rẹ̀ lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó fi igbe ẹkún parí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, igbe yẹn á fọ́, kò sì sí àtúnṣe. Pẹ̀lú èyí, a lè fà á wálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó sì mọ́ padà. Ṣùgbọ́n kì í lé jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní kọ̀ǹpútà á fọ̀ ọ́. Àwọn irinṣẹ́ bíi Voice Isolation, tó ń yọ ohùn kúrò nínú ariwo, inú DaVinci Resolve tí a fi ń to fíìmù pọ̀, ń ṣe bẹbẹ, èmi náà ń lò wọ́n. Ẹ kàn ṣọ́ òpin gbólóhùn. Lédè wa, bí àmì ìsàlẹ̀ bá kángun sí òpin ọ̀rọ̀, ohùn máa ń rì, ó sì máa ń rọ̀. Bí a bá tẹ irinṣẹ́ náà jù, ìró tó rọ̀ yẹn a bá ariwo lọ: "ó wọ ọkọ̀" á di "ó wọ ọk". Mi ò ń jẹ́ kó ṣe tán pátápátá. Mo máa ń da díẹ̀ nínú ohùn àkọ́kọ́ padà mọ́ ọn, mo sì ń pe ẹni tí kò mọ ìtàn náà kó gbọ́ ọ láìwo àwòrán. Kó tún un sọ fún mi. Bó bá ṣì í sọ, a kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ gíga ohùn nígbà tí iṣẹ́ bá tán, n kò ní fà á gùn: Netflix ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wà ní -27 LKFS, kó má fi ju 2 lọ sókè tàbí sódò, YouTube máa ń fa ohun tó bá ju nǹkan bíi -14 LUFS lọ wálẹ̀ (orúkọ méjì fún òṣùwọ̀n gíga ohùn kan náà ni LKFS àti LUFS). Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ra á kí ẹ tó parí rẹ̀.

Kò sí ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sí; ẹnu ara rẹ̀ ló ti rí i, bí púpọ̀ nínú àwọn òṣèré wa ti ń ṣe. Kí fíìmù tó bọ́ sórí YouTube, mo wá a lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, ló dà bíi sítúdíò jù fún ẹni tí kò ní sítúdíò: àga rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ ń gbé ohùn mì. Ìyá jókòó síwájú, mo di máìkì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, òógùn sì ń ro lára àwa méjèèjì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kejì la lò. Ó bi mí bóyá mo ti wá rí ọkọ́ òun báyìí.