Ohun tó ń yí padà nínú fáírọ́ọ̀sì lúkúlúkú, àti ìdí tí LaSota kò fi lè lé e tán

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Àbújá, tí eruku bo Kubwa, Gwagwalada àti Nyanya, kò sí àrùn tí àwọn Yorùbá tó ń sin adìẹ níbẹ̀ ń bẹ̀rù tó lúkúlúkú. Adìẹ á máa sín, á yanu sílẹ̀ máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ọrùn àwọn mìíràn á sì lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn léyà tó bá yè é kò ní yé ẹyin tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń bi dókítà ẹran ni pé: a ti fún wọn ní LaSota, àjẹsára àrùn náà, báwo ló ṣe tún wọlé? Apá kan ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe lo àjẹsára náà. Apá kejì, tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, wà nínú àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀.

Newcastle ni àwọn dókítà ẹran ń pe àrùn yìí. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, ní Java ní ilẹ̀ Indonéṣíà àti ní ìlú Newcastle ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá, láàárín 1952 sí 1953. Okùn RNA kan ṣoṣo ni gbogbo àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà wà lórí rẹ̀: lẹ́tà kẹ́míkà bíi 15,200, tó pín sí jíìnì mẹ́fà, ìyẹn àwọn ìlànà tí a fi ń ṣe purotéènì. Fúlúù ẹyẹ, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jaji ní ìpínlẹ̀ Kaduna ní 2006, ní tirẹ̀ pín sí ègé mẹ́jọ, irú méjì tó bá pàdé nínú ẹyẹ kan sì lè pààrọ̀ ègé fún ara wọn. Ti Newcastle kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ìdàkọ ni ọ̀pọ̀ ìyípadà rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ́ńsáìmù (èròjà aṣiṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń da RNA náà kọ dà bí akọ̀wé tó ń kánjú, tí kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nínú lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí ọ̀kẹ́ márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó ṣi ẹyọ kan kọ. Ìyẹn lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n àìmọye ẹ̀dà ni adìẹ kan tó ń ṣàìsàn ń tú jáde. Púpọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí ló ń ba fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́, wọn a sì kú síbẹ̀. Àwọn kan kò ṣe nǹkan kan. Díẹ̀ péré ló ń ṣe é láǹfààní.

Ibi tí ìyípadà kékeré ti lágbára jù lọ ni jíìnì F. Purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe ni fáírọ́ọ̀sì fi ń da awọ ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti sẹ́ẹ̀lì adìẹ kó tó lè wọlé. Àmọ́ odindi ni purotéènì náà ń jáde, kò sì wúlò títí ẹ́ńsáìmù inú ara adìẹ yóò fi gé e sí méjì. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gé e, láti ipò 112 sí 117, ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní ti LaSota, amínò ásíìdì (àwọn èròjà tí a fi ń to purotéènì, tí a ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pè) tó wà níbẹ̀ ni G-R-Q-G-R-L. Ẹ́ńsáìmù tó lè gé irú èyí kò sí níbi púpọ̀ ju ọ̀nà èémí àti ìfun lọ, nítorí náà fáírọ́ọ̀sì náà kì í rìn jìnnà. Ní ti èyí tó ń pa adìẹ, a lè rí R-R-Q-K-R-F. Furin, ẹ́ńsáìmù tó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì, lè gé èyí. Bó ṣe ń dé ọpọlọ, tí ọrùn fi ń lọ́, nìyẹn.

Ìyàtọ̀ náà kéré débi tó fi yẹ kó dẹ́rù bani. Ní Australia, láàárín 1998 sí 2000, fáírọ́ọ̀sì jẹ́jẹ́ kan tó ti ń gbé láàárín adìẹ wọn yí lẹ́tà RNA méjì péré padà níbi gígé yìí, ó sì di apanirun. Kí ó má ṣe yé ẹnikẹ́ni sí òdì: LaSota kọ́ ni fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún. Sísín díẹ̀ lẹ́yìn àjẹsára kì í ṣe lúkúlúkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú ọjà oúnjẹ adìẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri.

Àwọn lẹ́tà tó kù nínú jíìnì F ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń pín fáírọ́ọ̀sì náà sí ìdílé. Bí ìdílé kan bá fi bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí òmíràn, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. LaSota, tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 1946, wà nínú ìdílé kejì. Àwọn tí wọ́n ti rí láàárín adìẹ wa ní Nàìjíríà wà nínú ìdílé kẹrìnlá, kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún. Wọ́n ti jìnnà síra wọn gan-an, síbẹ̀ èròjà agbóguntàrùn tí LaSota ń mú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dá wọn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí adìẹ tó gba àjẹsára dáadáa kì í fi í kú. Àmọ́ kíkú àti títan àrùn kálẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìdílé àjẹsára bá yàtọ̀ sí ti fáírọ́ọ̀sì tó wọlé, adìẹ tó dúró ṣinṣin, tó ń jẹun, lè máa tú fáírọ́ọ̀sì jáde púpọ̀ ju bí ì bá ti ṣe ká ní ìdílé méjèèjì bára mu. Ìdàkọ ń lọ lọ́wọ́, àṣìṣe náà ń lọ lọ́wọ́, olówó adìẹ kò sì rí nǹkan kan.

Ọjà ló wá ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, adìẹ ìbílẹ̀, ẹtù, tòlótòló àti pẹ́pẹ́yẹ láti oríṣiríṣi abúlé ní Àríwá á jọ há sínú àpótí kan náà. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri láìṣàìsàn rárá. Àpótí tí wọn kò fọ̀ tún ń padà sí oko.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń lo àjẹsára: fáírọ́ọ̀sì alààyè ni LaSota, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bí iná bá lọ pẹ́, agbára rẹ̀ lè dínkù nínú firíìjì. Kílóríìnì inú omi ẹ̀rọ náà ń pa á, ìdí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń po wàrà oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́ omi kí wọ́n tó da àjẹsára sí i. Fún adìẹ abúlé, I-2, àjẹsára mìíràn tó ń fara da ooru, sàn jù.

Láti mọ ìdílé tó wọ oko, dókítà ẹran á fi òwú nu ọ̀nà ọ̀fun àti ihò ìdí adìẹ, á sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Ẹ̀rọ ibẹ̀ á ka lẹ́tà jíìnì F. Ìlànà WOAH, àjọ tó ń rí sí ìlera ẹranko lágbàáyé, ni pé bí arginine (R) tàbí lysine (K) bá tó mẹ́ta láàárín ipò 113 sí 116, tí phenylalanine (F) sì wà ní 117, apanirun ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán kò lè sọ èyí, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín LaSota àti èyí tó ń pa adìẹ. Ṣùgbọ́n bí òwú náà bá wà nínú mọ́tò gbígbóná láti Àbújá dé Vom láìsí yìnyín, RNA lè ti bàjẹ́, ẹ̀rọ sì lè má rí lẹ́tà kankan kà.