Ẹni kẹrin ló ń gba ife: bí ẹgbẹ́ asáré ṣe ń díje nínú krọ́ọ̀sì kọ́ńtìrì

Tí ẹgbẹ́ asáré bá gbéra láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sá krọ́ọ̀sì kọ́ńtìrì, ẹni tó kọ́kọ́ yọ láti inú oko ni gbogbo èrò máa ń hó fún. Bẹ́ẹ̀, ife ẹgbẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan tó ṣì wà lẹ́yìn ló wà, ẹni tí ẹrẹ̀ ti bò dé orúnkún, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ rẹ̀.

Orí koríko, ọ̀nà oko, iyanrìn àti pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́ ni wọ́n ti ń sá eré yìí. Òfin World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, dábàá kí àyípo kan gùn tó mítà 1,500 sí 2,000, kí òkè tí asáré máa gùn nínú rẹ̀ sì tó mítà 10 ó kéré tán. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà òkè kì í wọ́n. Ibi kan tí kò yẹ kí eré gbà ni orí yàrà Ẹrẹ̀dò Súngbọ́, odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lórí amọ̀ àtayébáyé yẹn máa wó o lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, a kò sì ní òmíràn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Torí pé kò sí ọ̀nà méjì tó bára mu, aago kò já mọ́ nǹkan púpọ̀ nínú krọ́ọ̀sì kọ́ńtìrì. Kò tilẹ̀ sí àkọsílẹ̀ àgbáyé fún ẹni tó yá jù. Ipò tí o gbà nìkan ni wọ́n ń kà, ipò náà ni máàkì rẹ. Ẹni àkọ́kọ́ gba máàkì 1, ẹni ogún gba 20. Nínú ìdíje àgbáyé, ènìyàn mẹ́fà ni orílẹ̀-èdè kan lè kó sá, mẹ́rin tó kọ́kọ́ dé nínú wọn ni wọ́n máa ro máàkì wọn pọ̀. Ẹgbẹ́ tí àròpọ̀ rẹ̀ kéré jù ló gba ife.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Ìjẹ̀bú-Òde gba ipò 1, 4, 15 àti 22: àròpọ̀ wọn jẹ́ 42. Ṣágámù gba ipò 2, 3, 12 àti 17: 34. Ìkẹ́nnẹ́ gba ipò 6, 8, 9 àti 11: òun náà 34. Ẹni tó gba ipò kìíní jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì gbẹ́yìn. Ní ti àwọn méjì tí máàkì wọn dọ́gba, ẹni kẹrin wọn ni wọ́n máa wò. Ti Ìkẹ́nnẹ́ dé ní ipò 11, ti Ṣágámù dé ní ipò 17. Ìkẹ́nnẹ́ ló gba ife, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ rẹ̀ kankan nínú márùn-ún àkọ́kọ́.

Ibi tó dùn jù kò tíì dé. Ká ní ẹni karùn-ún àti ẹni kẹfà Ìkẹ́nnẹ́ gba ipò 13 àti 14. Wọn kò ní ka máàkì àwọn méjèèjì yìí mọ́ ti ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ààyè. Tí wọ́n bá jókòó sílé lọ́jọ́ náà, ẹni kẹrin Ṣágámù ì bá sún láti ipò 17 sí 15, àròpọ̀ Ṣágámù ì bá di 32, ife ì bá sì lọ sí Ṣágámù. Àwọn méjì tí wọn kò ka máàkì wọn ló gba ife náà. Kóòṣì tó bá ń sọ fún ẹni kẹfà rẹ̀ pé kó kàn wá bá wọn sá lásán kò tíì mọ ohun tó ní lọ́wọ́.

Ìdí mìíràn wà tí àárín fi ṣe pàtàkì. Níwájú, àlàfo máa ń wà láàárín asáré kan àti èkejì. Ẹni tó pàdánù ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè pàdánù ipò kan péré. Láàárín, níbi tí wọ́n ti ń fi èjìká gbún ara wọn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kan náà lè gba ipò mẹ́jọ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí ẹni kẹta sí ẹni kẹfà jọ máa sá pọ̀, kí wọ́n jọ gun òkè, kí wọ́n jọ sọ̀ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ irú èyí dáadáa. Tí régbérégbé bá ń wọlé ní Ojúde Ọba, ìlà ẹ̀yìn tí aṣọ àti ijó rẹ̀ bá ti iwájú mu ló ń mú kí ojú èrò dúró.

Nínú krọ́ọ̀sì kọ́ńtìrì Òlíńpíìkì Paris, ọdún 1924, ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú asáré 38 tó gbéra, 15 péré ló parí. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń kà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Paavo Nurmi ti Finland gba ipò kìíní, Ville Ritola gba ipò kejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. Àfìgbà tí Heikki Liimatainen, tí ojú ti ń ṣú, ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ní ipò 12 ni góòlù ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti Finland. Lẹ́yìn ọdún yẹn ni wọ́n yọ eré náà kúrò nínú Òlíńpíìkì.

Fún ẹgbẹ́ tó ń múra sílẹ̀ ní Ìlíṣàn tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ẹsẹ̀ tó mọ títì ọlọ́dà nìkan máa yọ̀ lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí, nítorí náà ọ̀nà oko ni kí wọ́n ti máa gbára dì. Ẹni kẹrin sí ẹni kẹfà sì ni kí owó ọkọ̀ àti bàtà tó dára kọ́kọ́ kàn, torí ẹni tó yá jù á rí olùrànlọ́wọ́ láìwá a.

Lọ́jọ́ eré, níbi tí eré parí sí, àyà ni wọ́n ń wò láti mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ẹsẹ̀ tàbí orí. Wọ́n máa ń fi okùn la ọ̀nà tóóró síbẹ̀ kí asáré lè tò bí wọ́n ṣe dé, akọ̀wé a sì máa kọ nọ́ńbà àyà wọn sílẹ̀. Ẹni tí ẹrẹ̀ bo nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nù ún kó tó kúrò níbẹ̀. Kí alámòójútó ẹgbẹ́ náà ní bébà àti bírò tirẹ̀, kó máa ro ipò àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń dé. Tí èsì bá jáde tí ìṣirò kò bá bára mu, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni òfin fún un láti fi ẹ̀hónú hàn.